Kí ló ń mú kí dísìkì tó ń jẹ́ /dev/sda di /dev/sdb nínú Linux nígbà mìíràn?

Ohun tó fà á ni pé bí Linux bá ṣe ń rí àwọn dísìkì tẹ̀ léra ni ó ṣe ń fún wọn lórúkọ, kò sì sí ìdánilójú pé bákan náà ni wọn yóò ṣe tò nígbà tí ẹ bá tún tan kọ̀ǹpútà. Nítorí èyí ni udev, ètò tó ń bójú tó orúkọ àwọn ẹ̀rọ nínú Linux, tí ó ti wà láti ọdún 2003, fi ń ka nọ́ńbà ara dísìkì àti UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò ní ìkejì) tí a fún ìpín kọ̀ọ̀kan nígbà fọ́ọ̀màtì, tí ó sì ń fi wọ́n ṣe orúkọ tí kì í yẹ̀ sínú /dev/disk/by-id àti /dev/disk/by-uuid. UUID ló yẹ kí ẹ kọ sínú /etc/fstab, ìyẹn fáìlì tí Linux ń kà láti mọ àwọn ìpín tí yóò lò nígbà tó bá ń tan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ìpín náà fọ́ọ̀màtì, UUID rẹ̀ yóò yí padà.