Ẹ Bi Ìyá Kí Ẹ Tó Tú Ìró Wọn

Ìbéèrè: Ní ilé ìwòsàn kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n tú ìró ìyá mi, arúgbó ẹni ọdún 78, lójú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà láìbi wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni. Ṣé ó tọ́?

Ìdáhùn: Kò tọ́. Lóòótọ́, ara aláìsàn ni dókítà ti ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìkéde tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ṣe ní ọdún 2005 lórí ìwà tó yẹ nínú ìṣègùn sọ pé kí a bọ̀wọ̀ fún iyì ọmọ ènìyàn, kí ire ẹni náà sì ṣáájú ire ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí ti àwùjọ nìkan. Arúgbó tí kò gbọ́ Faransé ní iyì yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá dókítà ṣe ní in. Ohun tó yẹ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí dókítà kí ìyá, kí ó ṣàlàyé ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ó fa aṣọ ìkélé, kí ó sì dúró de èsì wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, ìtọ́jú wọn kò gbọdọ̀ dínkù. (Kí tilẹ̀ ni ènìyàn mẹ́fà ń wá lẹ́ẹ̀kan náà?) Ẹ lè kọ lẹ́tà sí olùdarí ilé ìwòsàn náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ìyá bóyá wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀.