Stáàfù, push-up àti akọrin: ọwọ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀

Òkun o, Tíṣà. Ẹ ní ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ lórin nílé ìwé girama ní Kàbà títí di aago 2 ọ̀sán, akọrin tún ń dúró dè yín nírọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè àti Sátidé, ẹ fẹ́ máa ṣe eré ìdárayá nílé, ẹ sì fẹ́ mọ stáàfù kà, ìyẹn ìlà márùn-ún tí a ń kọ nóòtì sí, torí sol-fa (d, r, m) nìkan lẹ gbọ́. Ẹ ní àkókò ò tó.

Àkókò lè má tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ló kọ́kọ́ ń já èèyàn kulẹ̀. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lẹ fi ń darí akọrin, òun náà lẹ fẹ́ fi ṣe push-up. Ọ̀fun tẹ́ ẹ fi pariwo mọ́ ọmọ ọgọ́ta láàárọ̀ lẹ ó fi kọ tẹ́nọ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́. Ẹ pín ọ̀sẹ̀ yín bí ẹ̀yà ara ṣe pín, kí ẹ tó wo aago.

Ẹ fún apá àti ẹ̀yìn ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, kí ẹsẹ̀ gba àárọ̀ Wẹ́sìdeè àti Sátidé. Ìrora iṣan kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù. Ẹni tó bá ṣe push-up ní Sátidé, tó wá gbé apá sókè níwájú akọrin ní Sọ́ńdè, èjìká ni yóò máa darí òun. Ẹsẹ̀ kì í dí orin lọ́wọ́. Kò sí akọrin tó máa mọ̀ pé itan ń ro ọ̀gá wọn. Túsìdeè àti Fúráìdeè, ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wálé kíákíá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà rí ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀, kó sì ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ò nílò irin kankan. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tó kún fún omi, bíi kílò 5 ni. Ẹ fi ọwọ́ òsì di àga mú, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ̀yìn tẹ́ bíi tábìlì, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ìhà, kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mẹ́wàá lọ́wọ́ kan, mẹ́wàá lọ́wọ́ kejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa sinmi ìṣẹ́jú kan láàárín. Ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì tín-ín-rín, ó máa ń gé ìka, ẹ fi àkísà wé e kó nípọn. Ẹ má sì ti ibẹ̀ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù. Ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di nǹkan wúwo mú máa ń gbọ̀n. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ló máa kọ́kọ́ tàsé. Ẹ fún wọn ní wákàtí kan, ó kéré tán.

Push-up, ẹ ṣe é lára ògiri tàbí etí tábìlì tí kò mì, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá di ti ilẹ̀, ẹ di ìkúùkù lórí aṣọ tó nípọn kí ọrùn ọwọ́ lè nà gbọnrangandan. Ọrùn ọwọ́ tó bá ń ká sẹ́yìn lábẹ́ ìwúwo ara kì í dárí ji oníkíbọ́ọ̀dù.

Èyí tí wọn kì í sọ fún tíṣà orin ni ti èémí. Béèyàn bá sé èémí nígbà tó ń gbé nǹkan, tán-án-ná inú ọ̀fun, èyí tó ń mú ohùn jáde, máa pa pọ̀ gbọn-in láti di afẹ́fẹ́ náà mú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn á ha lọ́jọ́ kejì, ẹ ó sì máa rò pé ọyẹ́ ni. Ẹ máa ka iye rẹ̀ jáde lẹ́nu: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí ẹ ò bá lè kà á jáde, ẹ ti sé èémí nìyẹn. Ẹ da omi díẹ̀ kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ti ẹsẹ̀ kò le: ẹ lóṣòó títí ìdí á fi kan àga, kí ẹ dìde, méjìlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ní mẹ́wàá ẹsẹ̀ kan. Ó tán.

Ní kíláàsì, ẹ pàtẹ́wọ́ ìlù kan kí àwọn ọmọ pa á padà, wọ́n á dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹ pariwo. Kí ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bu omi sí kọ́ọ̀bù, ẹ ti straw tí a fi ń fa mínírà bọ̀ ọ́ ní bí ìka méjì, ẹ máa kùn sínú rẹ̀ kí omi máa hó, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohùn tó ti rẹ̀ máa ń rọ̀.

Ó wá ku stáàfù. Ogún ìṣẹ́jú ní ìdájí, pẹ̀lú íápíìsì létí kí ẹ má jí ará ilé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ sọ sol-fa nù, òun lẹ máa fi wọlé. Ẹ wo àmì tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà orin. Bó bá jẹ́ sháàpù (♯), èyí tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún ni t, d ló sì tẹ̀ lé e lókè. Bó bá jẹ́ fúláàtì (♭), èyí tó kẹ́yìn ni f. Ẹ ka f, m, r, d wálẹ̀. Sháàpù kan ṣoṣo wà lórí F, d wá bọ́ sórí G. Fúláàtì kan ṣoṣo wà lórí B, d bọ́ sórí F. Bí fúláàtì bá ti tó méjì, ọ̀nà àbùjá wà: èyí tó ṣáájú ìkẹyìn ni d fúnra rẹ̀. Bí d bá sì wà lórí ìlà, m àti s tó wà lókè rẹ̀ á wà lórí ìlà. Bó bá wà láàárín ìlà méjì, bákan náà ni tiwọn. Orin tó bá fi l ṣe ilé dípò d, máínọ̀ ni.

Ohun méjì ló ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́, kíkọ lẹ́tà sábẹ́ gbogbo nóòtì: ojú tó bá ti rí lẹ́tà kì í wo ìlà mọ́. Ìkejì, fífi orin tẹ́ ẹ mọ̀ sórí kọ́ ọ: etí ló ń ka ìyẹn. Ẹ mú áltò tàbí tẹ́nọ̀ orin tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí, báà mẹ́rin péré, metronome (ẹ̀rọ tó ń ka ìlù) ní 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta láìṣìṣe, ẹ bọ́ sí 64. Bí ẹ bá ṣìṣe, ẹ padà sí 60. Bó bá jẹ́ ìdánwò ABRSM, àjọ ìdánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ ń wò lọ́ọ̀kán, wọn ò ní gbà yín fún Grade 6 nídìí dùùrù láìjẹ́ pé ẹ ti yege Grade 5 theory tàbí ohun tí wọ́n gbà dípò rẹ̀.

Àga rọ́bà kan sábà máa ń kúrú jù nídìí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi méjì bọ inú ara wọn, ẹ fi kẹta kún un bó bá yẹ, títí ìgúnpá yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀.

Lọ́sẹ̀ ìdánwò, ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá stáàfù àti ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ẹ̀gì. Ọjọ́ tó bá fò yín, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ má dì í mọ́ ti ọ̀la.