Kí ló dé tí jdb kò rí àwọn fáríábù inú ètò Java mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Mo kọ ètò kan ní èdè Java tó ń ṣírò owó àjọ, ṣùgbọ́n àpapọ̀ tó ń gbé jáde kì í pé. Wọ́n ní kí n fi jdb, irinṣẹ́ tó ń dá ètò Java dúró kí a lè wo inú rẹ̀, wá àṣìṣe náà. Mo dá ètò náà dúró ní ìlà 14, mo tẹ àṣẹ locals kí n lè rí àwọn fáríábù (àwọn orúkọ tí a fi iye pamọ́ sí), ó sì ní kò sí àlàyé kankan nípa wọn. Ṣé jdb mi ló bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́. Ohun tí javac, irinṣẹ́ tó ń túmọ̀ ètò Java, bá fi sínú fáìlì class tó ń gbé jáde nìkan ni jdb lè kà. Bí a kò bá pàṣẹ mìíràn fún javac, nọ́ńbà àwọn ìlà àti orúkọ fáìlì tí a kọ ètò sí ni ó máa ń fi síbẹ̀. Kì í fi orúkọ àwọn fáríábù tó wà nínú method (ìdìpọ̀ àṣẹ tó ní orúkọ) sí i, nítorí pé bytecode, ohun tí javac túmọ̀ ètò sí, kò nílò orúkọ wọn, nọ́ńbà àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ni ó fi ń dá wọn mọ̀. Ìdí nìyí tí ètò yín fi dúró ní ìlà 14 tí locals kò sì rí nǹkan kan sọ. Bí Ajo bá ni orúkọ ètò yín, ẹ fi javac -g Ajo.java tún un ṣe; -g ni ó ń sọ fún javac kí ó fi orúkọ àwọn fáríábù náà kún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dá yín lójú, javap -l Ajo yóò to àwọn orúkọ náà sílẹ̀. (Ti àwọn fáríábù class fúnra rẹ̀ yàtọ̀: orúkọ wọn kì í kúrò nínú fáìlì, nítorí náà dump this, àṣẹ jdb tó ń fi wọ́n hàn, máa ń ṣiṣẹ́ láìsí -g, bí a kò bá ti kọ static sí method náà.)

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ jdb Ajo, kí ẹ tẹ stop at Ajo:14, kí ẹ tó tẹ run. Bí ó bá ní òun yóò fi ìdúró náà sílẹ̀ títí class yóò fi wọlé, ẹ má ṣe kà á sí àṣìṣe.

Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé ìlà tí jdb bá fi hàn kò tíì ṣiṣẹ́. Òun ló kàn. Bí ìlà 14 bá jẹ́ èyí tó ń fi owó kún àpapọ̀, iye àtẹ̀yìnwá ni print apapo (bí apapo bá ni orúkọ fáríábù náà) yóò fi hàn yín títí ẹ ó fi tẹ next. Step yóò wọ inú method tí ìlà náà bá pè, next kò ní wọ̀ ọ́, where yóò sì sọ ọ̀nà tí ètò gbà dé ibẹ̀.

Ní tèmi, lúùpù, apá ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ni mo fura sí. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ dé ìlà 14, ẹ tẹ print i, bí i bá ni ẹ fi ń kà. Bí ó bá jẹ́ 1, owó ẹni àkọ́kọ́ nínú àjọ kò wọlé rárá, nítorí 0 ni nọ́ńbà àyè inú array Java (àkójọ iye) ti ń bẹ̀rẹ̀.