Èsì: Strontium eyín àti ti egungun kò bára mu

Ẹ ní strontium, èròjà kan tó ń ti inú àpáta wọ inú oúnjẹ àti omi wa, yàtọ̀ nínú eyín òkú àtijọ́ tí ẹ hú jáde sí ti egungun rẹ̀, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹ̀rọ yín ló ṣàṣìṣe. Kò ṣàṣìṣe. Ara líle tó bo eyín ti parí kíkọ́ láti kékeré, kì í yí padà mọ́. Ibi tí òkú náà ti dàgbà ló ń sọ. Egungun ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun títí ọjọ́ ikú, ó sì tún ń fa omi ilẹ̀ mu nínú sàárè. Èmi ò jẹ́ fi strontium egungun ṣẹ̀rí láé.

Ẹ má tíì pe òkú náà ní àjèjì o. Ẹ kọ́kọ́ wọn strontium inú ewéko àti ìkarahun ìgbín àdúgbò tí sàárè náà wà, kí ẹ fi wé ti eyín. Bí àpáta ibi tó ti dàgbà àti ti ibi tí wọ́n sin ín sí bá jọra, 87Sr/86Sr (ìwọ̀n irú strontium méjì sí ara wọn) kò ní fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Nígbà náà, ẹ yíjú sí áísótòpù ọ́síjìn (àwọn irú ọ́síjìn tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra) inú eyín kan náà.