Dókítà, imú Bingo ò gbẹ: oògùn wo ló kù ká lò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Bingo ajá mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Akọ ni, ekùké ni ìyá rẹ̀, Alsatian ni bàbá rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ikun ti ń dà ní ihò imú rẹ̀ ti òsì, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń là á láàárín nígbà míì. Ó ń sín, ó sì ń hanrun tó bá sùn. Wọ́n fún wa ní amoxicillin ní kẹ́míìsì, ó gbẹ díẹ̀, ó tún padà. Wọ́n yí i sí òmíràn, bákan náà ló rí. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń jẹun, ó sì ń rìn káàkiri àdúgbò wa l'Óṣogbo lálaalẹ́. Àǹtíbáọ́tíìkì wo ló lágbára jù tí mo lè rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ì tíì ra ẹ̀kẹta. Bakitéríà wà nínú ikun yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n. Ohun mìíràn ló kọ́kọ́ ba inú imú jẹ́ tí wọ́n fi ráyè wọlé. Tí oògùn bá lé wọn, ikun á dín kù fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn ṣì wà nílé. Ó ṣọ̀wọ́n kí bakitéríà nìkan da imú ajá láàmú fún oṣù mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí “ó gbẹ díẹ̀” tí ẹ kọ ò fi fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo dì mú nínú lẹ́tà yín: “ti òsì” àti “lálaalẹ́”.

Ká ní ihò méjèèjì ló ń da ikun, tí Bingo sì jẹ́ ọmọ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, distemper, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ran ajá, ni mi ò bá kọ́kọ́ fura sí. Ojú á máa ṣe ipin, ibà á sì máa mú un. Ká ní ẹ̀jẹ̀ gidi ló ń kán, mi ò bá béèrè eégbọn, nítorí ehrlichia, kòkòrò àìfojúrí tí eégbọn ń gbé kiri, máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ajá má lè dì mọ́. Ihò kan ṣoṣo, fún oṣù mẹ́ta, sábà máa ń túmọ̀ sí pé nǹkan kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀: èérún egungun, gbòǹgbò eyín òkè tó ti jẹrà, tàbí ẹran tó ń hù.

Akọ ajá tó ń jáde lálẹ́ kì í ṣe méjì, ìdí abo ló ń gbóòórùn, tó sì ń lá. Ibẹ̀ ni TVT (transmissible venereal tumour) ti ń wọlé. Jẹjẹrẹ tó ń ràn ni. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ lára ajá kan, tó ń lẹ̀ mọ́ òmíràn, tó sì ń dàgbà síbẹ̀. Ajá tí sẹ́ẹ̀lì yẹn kọ́kọ́ ti ara rẹ̀ wá ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ ẹran ara rẹ̀ ṣì ń rìn ní òpópónà wa. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà ò yé yà mí lẹ́nu. Ojú ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ó máa ń hù sínú imú náà, kódà nígbà tí ojú ara ò ní nǹkan kan. Kì í ràn ènìyàn.

Ẹ lè yẹ nǹkan díẹ̀ wò nílé. Ẹ gbé dígí tútù síwájú imú rẹ̀: ó yẹ kí èémí fi ìrì sílẹ̀ síbi méjì. Tí ti òsì ò bá hàn, ó ti dí. Tí ó bá gbà fún yín, ẹ wo eyín àti àjà ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì rọra fa awọ okó rẹ̀ sẹ́yìn, bóyá ẹran pupa kókó-kókó wà níbẹ̀. Tí ó bá ń kùn mọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀ o; ajá tí imú ń dùn lè bu olówó rẹ̀ jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Fásitì Ìbàdàn, tàbí ti FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́, nítorí kò bójú mu kéèyàn fọwọ́ kan inú imú ajá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Tí wọ́n bá fẹ́ ya x-ray, kí wọ́n yà á kí wọ́n tó gé ohunkóhun, torí tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kún imú, àwòrán ò ní mọ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá mú díẹ̀ nínú ẹran náà lọ sábẹ́ maikirosíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì TVT máa ń rí rogodo, pẹ̀lú ihò wínníwínní bí ìfófòó nínú rẹ̀.

Tí òun bá ni, inú mi á dùn ju kó jẹ́ jẹjẹrẹ imú mìíràn lọ. Abẹ́rẹ́ vincristine, oògùn jẹjẹrẹ, sínú iṣan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, máa ń wo ọ̀pọ̀ wọn sàn pátápátá. Kò gbọdọ̀ jò sí ìta iṣan, torí á jẹ ẹran ibẹ̀. Wọ́n á máa ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gún un, torí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù. Kí aláboyún má fọwọ́ kan ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ní àkókò náà. Kí ẹni tó bá ń kó o wọ ìbọ̀wọ́.

Tí kì í bá ṣe TVT, ìtọ́jú á yí padà. Eyín jíjẹrà, wọ́n á yọ ọ́. Ehrlichia, doxycycline fún ọjọ́ 28. Aspergillus, ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu, máa ń sọ awọ dúdú etí imú di funfun, ó sì máa ń dùn ún gan-an. Oògùn clotrimazole ni wọ́n ń rọ sínú imú fún wákàtí kan nígbà tí ajá bá wà lójú oorun oògùn.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má rọ àdín tàbí òróró sí i nímú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Oògùn imú ti ènìyàn àti ibuprofen, májèlé ni fún ajá. Ẹ dè é mọ́lé lálẹ́, torí àwọn abo àdúgbò. Ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n sọ bóyá kó má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ sì mú páálí oògùn méjèèjì tó ti lò dání.