Èsì: Ìtọ́wò wáìnì ní oko àjàrà ìdílé ní Stellenbosch, South Africa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá wákàtí kan tó, àti bóyá ẹ lè wa mọ́tò padà sí Cape Town lẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí kan tó. Ṣùgbọ́n ẹ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, torí oko ìdílé kì í ní òṣìṣẹ́ púpọ̀. Lásìkò ìkórè, ní nǹkan bí oṣù kejì, ẹni tó yẹ kó mú yín káàkiri lè wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fún àjàrà.

Bíi oríṣi márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń bù: funfun ṣáájú pupa, èyí tó dùn ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ mu èyí tó dùn, kíkan ni èyí tó tẹ̀lé e yóò máa kan lẹ́nu yín. Ọrùn ife ni kí ẹ dì mú, kí ọwọ́ má baà mú wáìnì gbóná. Ẹ rọra yí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ ṣan ẹnu, kí ẹ tu ú sínú garawa orí tábìlì. Kò sí àrífín níbẹ̀ o, àwọn tó ń ṣe wáìnì fúnra wọn ń tu ú. Ẹ má fi lọ́fínńdà para lọ́jọ́ náà: kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbóòórùn nǹkan kan.

Ẹ béèrè Pinotage, àjàrà pupa tí Abraham Perold, onímọ̀ nípa àjàrà, mú jáde níbẹ̀ lọ́dún 1925 láti ara oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut. Bó bá ń rùn bíi rọ́bà jíjóná, kì í ṣe imú yín ló bàjẹ́; wọn ò ṣe é dáadáa ni.

Ní ti mọ́tò: bí wọ́n bá bu mililítà 30 lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ mì, odindi ife kan nìyẹn. Ẹni tí kò mu rárá ni kó wa mọ́tò.