Kí o tó ra písítìn, fọwọ́ ara rẹ wọn heedi

Àbúrò mi, o ní ẹ́ńjìnnì tí o ń kọ́ jẹ́ lítà méjì, sílíńdà mẹ́rin, ihò sílíńdà 86 mm, ìrìn písítìn 86 mm. O wá ń bèèrè bóyá kọ̀mpúrẹ́ṣàn, ìyẹn ìlọ́po tí písítìn ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ dé, 11 sí 1 ni kí o gbé e sí tàbí 9 sí 1, torí ó ń ṣe ọ́ bíi kí o fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọnú ẹ́ńjìnnì, sí i tó bá yá. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí, torí ó ṣì ń dùn mí.

Irú tìrẹ yìí gan-an ni mo kọ́, 10 sí 1 ni mo sì fẹ́. Mo ṣírò rẹ̀ dáadáa. Àyè tí písítìn ń rìn kọjá nínú sílíńdà kan jẹ́ 499.6 cc. Kó tó lè jẹ́ 10 sí 1, àyè tó ṣẹ́ kù lókè nígbà tí písítìn bá gùn dópin gbọ́dọ̀ jẹ́ 55.5 cc. Ihò inú heedi, ìdérí tó bo sílíńdà lókè, wà nínú rẹ̀, sísanra gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ heedi wà nínú rẹ̀, bí písítìn ṣe rẹlẹ̀ sí ojú bílọ́ọ̀kù, ara ẹ́ńjìnnì tí sílíńdà wà nínú rẹ̀, wà nínú rẹ̀, kòtò orí písítìn náà wà nínú rẹ̀. Tí orí písítìn bá yọ gọngọ, yíyọ ni wàá yọ ìyẹn kúrò. Inú ìwé ni mo ti mú ìwọ̀n heedi tèmi. Mo bi ọ̀gá tó bá mi fá heedi pé mélòó ló fá lọ, ó ní díẹ̀ báyìí ni. Ó tún fá ojú bílọ́ọ̀kù, kò tiẹ̀ sọ fún mi. Nígbà tí mo tún bèèrè, ó ní kí n má kọ́ òun níṣẹ́ tí òun ti ń ṣe kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fi owó àti oṣù mélòó kan san.

"Díẹ̀" yẹn gba 4 cc kúrò nínú heedi. Ojú bílọ́ọ̀kù tó fá mú písítìn bá a dọ́gba, 1.7 cc tún lọ. Àyè mi di 49.8 cc. Ro 499.6 mọ́ 49.8, fi 49.8 pín in: ó ti di 11 sí 1, mi ò sì mọ̀. Tímìnì, ìyẹn àkókò tí pulọ́ọ̀gì ń dáná, tí mo ṣe fún 10 ni mo fi ń wà á, epo tí octane rẹ̀, ìyẹn agbára rẹ̀ láti má ṣe dédé gbiná, kéré ni mo ń bù sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ bíi pé òkúta wẹ́wẹ́ ń ta sára páànù, nígbà tí mo bá tẹ iná mọ́ ọn lórí òkè. Nọ́ọ̀kì nìyẹn. Kì í ṣe èyí tí mẹkáníìkì ń sọ tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú pátá o. Èyí ni pé epo tó kù ní kọ̀rọ̀ sílíńdà ń dédé gbiná kí iná tí pulọ́ọ̀gì dá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo lọ bá ẹni tó ta písítìn fún mi, ó ní fáàfù ló ń dún. Mo sẹ́ẹ̀tì fáàfù lẹ́ẹ̀mejì! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èéfín búlúù ń jáde, ọ́ìlì ń ti ọ̀pá tí a fi ń wọ̀n ọ́n síta. Mo tú u. Ní sílíńdà kẹta, ibi tó wà lára písítìn láàárín ríngì kìíní àti ìkejì, àwọn òrùka tó yí písítìn ká, ti já, ó ti ha ògiri sílíńdà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí písítìn yòókù rí hágahàga bíi pé kòkòrò jẹ ẹ́. Mo jókòó tì í di òru, mo ń fi ìka tọ ojú ibi tó ha náà.

Ọ̀gbẹ́ni mìíràn tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n kàn lo gásíkẹ́ẹ̀tì 2 mm dípò 1 mm, kọ̀mpúrẹ́ṣàn á padà sí 10. Lóòótọ́ ló padà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀kì kò lọ. Etí pẹrẹsẹ heedi àti orí písítìn yẹ kó súnmọ́ra tó bíi 1 mm, kí wọ́n lè fún epo àti afẹ́fẹ́ wá sáàárín, kó rú pọ̀, kó sì jó kíákíá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn ba ìyẹn jẹ́. Tí o bá fẹ́ dín kọ̀mpúrẹ́ṣàn kù, kòtò orí písítìn ni kí o ti wá a.

Torí náà, wọn heedi rẹ, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: fi gíríìsì lẹ gíláàsì mọ́ ojú ihò, fi sírínjì da kẹrosíìnì kún un, iye tó bá gbà ni ìwọ̀n rẹ̀, o ti mọ ìyẹn. Má gba nọ́ńbà kọ̀mpúrẹ́ṣàn tó wà lára páálí písítìn gbọ́. Heedi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fá ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Fi amọ̀ ìṣeré sórí písítìn, fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, wo bóyá fáàfù á kàn án.

Ẹnu ríngì, ìyẹn àlàfo tó wà níbi tí ríngì ti gé, ńkọ́? Wọ́n á sọ fún ọ pé bó bá ṣe fún tó ló ṣe dára tó. Irọ́ ni. Bí ríngì bá gbóná, ó máa ń gùn. Tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá pàdé, ó parí nìyẹn. Fún 86 mm láìsí tọ́bò, bíi 0.34 mm ni; tọ́bò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bébà tó wà nínú páálí ló máa sọ iye rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù.

Ìbéèrè rẹ wá: tí tọ́bò bá dájú, 9 sí 1, písítìn oníkòtò, èyí tí wọ́n rọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n dà. Álúmíníọ́mù 2618 ni kí o béèrè. Ó máa ń wú ju 4032, oríṣi álúmíníọ́mù mìíràn tí wọ́n fi ń rọ písítìn, lọ, torí náà wọn á fún un ní àyè púpọ̀ sí i nínú sílíńdà, á sì máa dún kọkọkọ ní òwúrọ̀ kó tó gbóná. Má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Tí tọ́bò bá ṣì jẹ́ èrò lásán, epo tí o máa ń rí rà ni kí o fi pinnu. Mi ò ní gbé e dé 11 láìjẹ́ pé epo octane gíga dá mi lójú nígbà gbogbo.

9 sí 1 fún tìrẹ jẹ́ 62.5 cc lókè. Kọ ìwọ̀n heedi, gásíkẹ́ẹ̀tì àti ojú bílọ́ọ̀kù rẹ ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó písítìn, a ó jọ yọ ọ́ kúrò nínú 62.5, ohun tó bá kù ni kòtò tí wàá béèrè.